EDL fún colorist: kí ni mo gbọ́dọ̀ tún ṣe lórí timeline kí n tó fi ránṣẹ́?

ÈdítìÒru:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti gé fíìmù kan tán, kò sí àyípadà mọ́, ó ku àwọ̀ nìkan. Colorist (ẹni tó ń tún àwọ̀ fíìmù ṣe) ní kí n fi EDL (àkọsílẹ̀ gbogbo ìgé inú fíìmù) oríṣi CMX 3600 ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn fáìlì kámẹ́rà, mo fi ránṣẹ́ láti Premiere tí mo fi gé e, ó wá ní nígbà tóun ṣí i nínú Resolve tóun fi ń ṣe àwọ̀, àwọn shot kan wọlé dáadáa àmọ́ àwọn míì ti di nǹkan míì pátápátá, ibi tí obìnrin ti ń ṣílẹ̀kùn, ojú sánmà ló rí níbẹ̀. Track fídíò mẹ́rin ni mo ní, àkọlé wà lókè, slow motion wà, dissolve (tí shot kan ń yọ́ wọnú èkejì) náà wà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wàhálà yìí ti wá, àbí XML (oríṣi fáìlì míì tó ń gbé timeline lọ) ni kí n kúkú lò?

GégéTímkóòdù:
Ẹ pẹ̀lẹ́ bọ̀ọ̀dá mi. EDL ò ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú fáìlì lọ, ẹ fi Notepad ṣí i, ẹ máa rí ìlà bí irú èyí:

003  A004C012  V  C  10:14:22:05 10:14:25:17 01:00:08:00 01:00:11:12

003 ni nọ́ńbà ìgé, èyí tó tẹ̀lé e ni reel (orúkọ fáìlì kámẹ́rà tí shot ti wá), V ni fídíò, C ni pé cut lásán ni. Timecode (wákàtí:ìṣẹ́jú:ìṣẹ́jú-àáyá:frame) méjì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tẹ́ ẹ ti mú shot yẹn nínú fáìlì kámẹ́rà, méjì tó kù ń sọ ibi tẹ́ ẹ gbé e sí lórí timeline. Ó tán! Track fídíò kan ṣoṣo ló mọ̀, ìgé 999 ló sì lè gbà mọ. Torí náà ẹ ṣe ẹ̀dà sequence yẹn, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó, kẹ́ ẹ fa gbogbo shot wá sí V1 (track fídíò ìsàlẹ̀ pátápátá), ẹ yọ àkọlé, ẹ pa clip tẹ́ ẹ ti disable rẹ́, ẹ tú nest (sequence tó wà nínú sequence), ẹ sọ multicam (clip oníkámẹ́rà púpọ̀) di clip gidi. Tí shot méjì bá wà lórí ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ṣe EDL tí èyí tó wà lókè lọ́tọ̀.

MàmáGrading:
Àbúrò, wo reel ẹ kóo tó ṣe ohunkóhun, ojú sánmà tó o sọ yẹn ibẹ̀ ló ti wá. Lẹ́tà 8 péré ni CMX 3600 ń gbà níbi orúkọ reel. Tí orúkọ fáìlì ẹ bá jẹ́ A004_C012, A004_C01 ló máa kù, bẹ́ẹ̀ C010 dé C019 ló máa ń jẹ́ orúkọ yẹn nígbà náà, Resolve á kàn mú èyí tí timecode ẹ̀ bá bá a mu. Tó bá wá jẹ́ kámẹ́rà tí gbogbo clip ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti 00:00:00:00, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó o bá ń export, mú 32 character names, kí colorist náà sọ fún Resolve pé orúkọ fáìlì ni kó fi ṣe reel.

Slow motion tí yíyára ẹ̀ ò yí padà, ìlà M2 inú EDL máa gbé e lọ, àmọ́ ramp (èyí tí yíyára ẹ̀ ń yí padà) ò ṣeé gbé, render ẹ̀ sí ProRes 4444 kóo fi rọ́pò, sì yọ LUT (àwọ̀ onígbà díẹ̀ tó o gbé lé e) kúrò kóo tó render o, mo bẹ̀ ẹ́.

ÈdítìÒru:
Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé mi ò lè render gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí fáìlì kan, kí EDL kàn gé e fún un?

MàmáGrading:
Ó ṣeé ṣe, Resolve ní Pre-Conformed EDL fún ìyẹn gan-an. Àmọ́ níbi dissolve, shot méjì ti wọnú ara wọn, kò lè kun ọ̀kan láìkan èkejì. Tó bá jẹ́ raw (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì ṣe àwọ̀ ẹ̀) lo yà, má ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú raw ni colorist ń wá.

GégéTímkóòdù:
XML dáa fún track púpọ̀ àti àwòrán tẹ́ ẹ mú tóbi sí i, ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́. Ẹ fi fídíò atọ́ka kún un, kí timecode hàn lójú ẹ̀, òun ló máa fi yẹ shot kọ̀ọ̀kan wò. Tó bá jẹ́ 29.97 frame ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ wo ìlà FCM lókè EDL, òun ló ń sọ bí wọ́n ṣe ka timecode: drop (tó ń fo àwọn nọ́ńbà kan) àti non-drop (tí kì í fo) ń fi frame 108 yàtọ̀ síra láàárín wákàtí kan.

ÈdítìÒru:
Mo ti ṣí i báyìí. A004_C01 ló wà níwájú gbogbo shot tó bàjẹ́ yẹn lóòótọ́. Mo ti ń fa àwọn tó kù wá sí V1, màá tún un export lálẹ́ yìí.