Robert Wagner, aṣòfin tó jà fún òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà: ẹ là mí lóye

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Òkè-Mosàn
Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa níbí ní Abẹ́òkúta ní kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn òṣìṣẹ́ nípa aṣòfin ilẹ̀ òkèèrè kan, mo sì yan Robert F. Wagner ti New York, ẹni tó gbé àbádòfin ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ kalẹ̀ ní 1935. Kí ló mú kí sẹ́nétọ̀ tí ebi kò pa gbé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lé àyà tó bẹ́ẹ̀, kí sì ni òfin náà ní tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní?

Bàbá Ìbarà
Akọ̀wé, ìbéèrè tó jinlẹ̀ lo bi yìí. Wọn kò bí Wagner sínú ọlà. Nastätten ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1877. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó wá sí New York, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń gbálẹ̀ tó sì ń tọ́jú ilé fún àwọn ayálégbé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ní 1905.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iná tó jó ilé-iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1911 ló la ọ̀nà fún iṣẹ́ rẹ̀. Ènìyàn 146 ló bá a lọ, ọ̀dọ́mọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé ilẹ̀kùn kan tí wọn ì bá gbà jáde wà ní títì pa. Wagner ni alága ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìpínlẹ̀ gbé dìde, Alfred Smith sì ni igbákejì rẹ̀. Frances Perkins, tó ń bá wọn ṣèwádìí, rí i dájú pé Wagner fúnra rẹ̀ rá gba inú ihò kékeré kan lára ògiri ilé-iṣẹ́ kan, lọ síbi àkàbà irin tí yìnyín bò tí kò sì kanlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà àbáyọ nígbà iná. Ẹni tó bá ti fi àyà wọ́ gba ibẹ̀ kò ní dúró de ẹni tí yóò ròyìn fún un mọ́.

Agbẹjọ́rò, Kútọ̀
Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ní ti òfin, èyí tí wọ́n ṣe ní 1933 ti gbà pé òṣìṣẹ́ lè kó ara wọn jọ, wọ́n sì fi Wagner ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń parí aáwọ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ yẹn kò lè fi dandan mú agbanisíṣẹ́ kankan. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún wọ́gi lé òfin náà ní oṣù karùn-ún 1935. Òfin ti Wagner, tí Ààrẹ Roosevelt buwọ́ lù ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún náà, lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ: àjọ rẹ̀ lè pàṣẹ kí wọ́n dá ẹni tí wọ́n lé nítorí ẹgbẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù tó ti pàdánù, àwọn òṣìṣẹ́ ń dìbò yan ẹgbẹ́ tí yóò ṣojú wọn, ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ náà dúnàá-dúrà. Ní 1937, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án fọwọ́ sí i nínú ẹjọ́ Jones & Laughlin, ilé-iṣẹ́ irin tó lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kúrò.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú
Akọ̀wé, má ṣe fi èyí sílẹ̀. Òfin náà yọ àwọn òṣìṣẹ́ oko àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ilé fún ẹlòmíràn sílẹ̀, iṣẹ́ wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú sì ń ṣe ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ó dùn mí, pàápàá nígbà tí mo bá rántí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà nílé wa níhìn-ín. Síbẹ̀, Wagner kan náà ló bá Costigan, sẹ́nétọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé àbádòfin kalẹ̀ lòdì sí pípa aláwọ̀ dúdú láìsí ìdájọ́, tí àwọn sẹ́nétọ̀ gúúsù fi ọ̀rọ̀ gígùn dènà rẹ̀. Ó tún wá àyè ní 1939 kí ẹgbẹ̀rún 20 ọmọ tó ń sá fún Hitler lè wọ Amẹ́ríkà. Wọn kò gbà fún un.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Òkè-Mosàn
Ẹ ṣeun, Ìyá mi, màá sọ ọ́. Ṣé òfin náà ṣì dúró bó ṣe wà?

Agbẹjọ́rò, Kútọ̀
Ó dúró, ṣùgbọ́n wọ́n gé e lápá. Ní 1947, ilé aṣòfin ṣe òfin Taft-Hartley láìka pé Ààrẹ Truman kọ̀ ọ́, wọ́n sì fàyè gba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fòfin de àdéhùn tó sọ wíwọ ẹgbẹ́ di dandan. Ara Wagner kò yá nígbà náà; ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1949, ó sì kú ní 1953. Àjọ tí òfin rẹ̀ dá sílẹ̀ ṣì ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ títí di òní.