Ìwé ìránnilétí ìgbà òtútù láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ní Chicago: èwo ni kànńpá nínú rẹ̀?

Ìyá Àyọ̀ká béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí wa tó ń gbé ní Chicago àti agbègbè rẹ̀, ẹ sì kú òtútù. Oṣù Kẹjọ tó kọjá ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú ọmọ méjì. Ọkùnrin wà ní kíláàsì kẹta, àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní kindergarten, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń lọ. Láti ìparí oṣù Kọkànlá ni ìwé ti ń wọlé láti ilé-ẹ̀kọ́ náà, òmíràn nínú báàgì ọmọ, òmíràn lórí fóònù, débi pé mi ò mọ èyí tó jẹ́ kànńpá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn fi ń rán wa létí. Wọ́n ní kí a kọ orúkọ sára gbogbo aṣọ. Wọ́n ní kí a wá yẹ nọ́ńbà fóònù wa wò ní ọ́fíìsì. Wọ́n sọ ọjọ́ tí ìsinmi ọlọ́sẹ̀ méjì ti Kérésìmesì àti ọdún tuntun yóò bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn ọmọ yóò máa jáde lọ ṣeré lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bí yìnyín tilẹ̀ wà nílẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló gbé mi wá síbí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nígbà tí mo bọ́ bàtà ọmọ mi ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti rin gbingbin, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti hunjọ, wọ́n funfun bí ọwọ́ alágbàfọ̀ tó ti àárọ̀ wà nídìí omi. Bàtà kánfáàsì tí mo rà fún un nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé ló wọ̀ lọ sínú yìnyín. Mo bi í pé kí ló dé tí kò jókòó sínú kíláàsì, ó ní olùkọ́ ní kí gbogbo àwọn jáde. Ṣé mo lè kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n máa fi í sílẹ̀ nínú ilé títí òtútù yóò fi lọ? Nílé, bí ọyẹ́ bá mú, ìyá mi kì í jẹ́ kí a kúrò nídìí ààrò títí oòrùn yóò fi là.

Èkejì ni pé wọ́n fi ìwé mìíràn ránṣẹ́ pé ọmọkùnrin yìí yóò ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kìíní, nítorí pé mo kọ Yorùbá sínú fọ́ọ̀mù nígbà tí wọ́n béèrè èdè tí a ń sọ nílé. Ọmọ tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ́léósinmi! Ṣé kí n ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ni?

Ìyá Mẹ́rin fèsì:

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún kẹrìnlá mi rèé ní ìlú yìí, àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ti inú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibí kọjá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín: ẹ má kọ ìwé yẹn. Bí ẹ bá ní kí ọmọ má jáde láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, òun nìkan ni yóò máa jókòó sí ọ́fíìsì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń mọ ère yìnyín níta, ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀rẹ́ kò sì yẹ fún irú ìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n òtútù kan tó jẹ́ pé bí ó bá ti dé ibẹ̀, inú ilé ni gbogbo ọmọ yóò wà. Atẹ́gùn ni wọ́n sì ń wò mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ 0 ní ìwọ̀n Fahrenheit, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ní máìlì 15 láàárín wákàtí kan, ara yóò gbà á bí ẹni pé ó jẹ́ 19 nísàlẹ̀ òdo, awọ tí a kò bò sì lè dì láàárín 30 ìṣẹ́jú. (0 wọn yìí jẹ́ nǹkan bíi 18 nísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Celsius tí a ń lò nílé, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣì í mú.) Ẹ lọ béèrè iye ti ilé-ẹ̀kọ́ yín ní ọ́fíìsì.

Aṣọ tó tọ́ ni ọmọ yín ṣàìní. Bàtà yìnyín tí omi kò lè wọ̀ ni àkọ́kọ́, kí ó sì fẹ̀ díẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ, nítorí bàtà tó fún ẹsẹ̀ pinpin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn dáadáa, òtútù yóò sì tètè mú ọmọ ìka. Ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, kí ẹ fi ti òwú sílẹ̀, nítorí bí òwú bá ti mu omi, ó di òtútù sí ọmọ lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún fi ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan sínú ọ̀rá, kí ó máa wà nínú báàgì rẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn èyí ni sòkòtò yìnyín tí a ń wọ̀ lé sòkòtò ilé-ẹ̀kọ́, kóòtù, fìlà tó bo etí, àti ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ tí gbogbo ìka wà pọ̀ nínú rẹ̀, tí àtàǹpàkò nìkan dá wà, móoru ju èyí tó ya ìka sọ́tọ̀ lọ. Ẹ má sì náwó yín dànù lórí tuntun. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta òkìrìkà kún fún bàtà tí ọmọ kan wọ̀ fún oṣù mẹ́rin péré kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dàgbà jù ú lọ.

Èyí tí wọn kì í kọ sínú ìwé ìránnilétí ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ wọ nǹkan wọ̀nyí. Ọmọ mi kẹta, nígbà tó wà ní kindergarten, a máa jáde síta pẹ̀lú kóòtù tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá olùkọ́ bínú kí n tó rí i pé obìnrin náà ní ọmọ tó lé ní ogún tó fẹ́ fa síìpù fún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ tèmi kò sì mọ bí a ṣe ń ki ìdí síìpù bọ inú ara wọn. Ẹ fi ọjọ́ Sátidé kan kọ́ àbúrò kékeré yẹn. Sòkòtò yìnyín ni kí ó kọ́kọ́ wọ̀, kí bàtà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kóòtù àti fìlà, kí ìbọ̀wọ́ jẹ́ ìkẹyìn, nítorí ẹni tó bá ti wọ ìbọ̀wọ́ kò lè di síìpù mú mọ́.

Ti orúkọ tí wọ́n ní kí ẹ kọ kì í ṣe eré. Bí ẹ bá dé orí tábìlì tí wọ́n ń kó aṣọ tó sọnù sí, ẹ ó bá kóòtù dúdú bíi mẹ́fà tó jọ ara wọn bí ìbejì. Orúkọ àwa Yorùbá kì í gba àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ọrùn kóòtù, nítorí náà lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ọmọ àti orúkọ ìdílé ni mo máa ń kọ.

Ó ku ẹyọ kan, fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ lọ: ẹ má de ọmọ kékeré mọ́ àga inú ọkọ̀ pẹ̀lú kóòtù tó wú lára rẹ̀. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ń kìlọ̀ èyí gidigidi, nítorí bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kóòtù náà yóò sún kì, bẹ́líìtì yóò sì dẹ̀ lára ọmọ. Ẹ bọ́ kóòtù, ẹ dè é, kí ẹ wá fi kóòtù bò ó láti iwájú.

Bàbá Kẹ́hìndé fèsì:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti aṣọ tán. Nọ́ńbà fóònù ni tèmi, nítorí òun ni mo fojú kéré tó sì kó ìtìjú bá mi. Ní ọjọ́ 30 àti 31 oṣù Kìíní ọdún 2019, nígbà tí òtútù dé 23 nísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Fahrenheit ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Chicago kò ṣí. Bákan náà ni wọn kò ṣí ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024. Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n kéde rẹ̀ nígbà méjèèjì, wọ́n sì pe àwọn òbí lórí fóònù. Ní ti ọdún 2024, mo ti pààrọ̀ láìnì mi láti oṣù Kẹwàá, n kò sì sọ fún ọ́fíìsì. Èmi àti àwọn ìbejì ló dúró sẹ́nu géètì tí wọ́n tì pa láàárọ̀ ọjọ́ náà, omijé tó jáde lójú Kẹ́hìndé sì dì mọ́ irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kí a tó padà dénú ọkọ̀. Ẹ lọ tún nọ́ńbà yín ṣe lọ́la, kí ẹ sì ti bá aládùúgbò kan sọ ọ́ nísinsìnyí pé òun ni yóò mójú tó àwọn ọmọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé tí ẹ̀yin sì gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọjọ́ Ajé kẹta oṣù Kìíní, tí wọ́n fi ń rántí Martin Luther King, àti Ọjọ́ Ajé kẹta oṣù Kejì: ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ṣí, àmọ́ ibi iṣẹ́ púpọ̀ nínú wa yóò ṣí.

Èmi náà ní ìbéèrè kan. A ń lọ sin bàbá ìyàwó mi ní Ìjẹ̀bú-Òde nínú ìsinmi yìí, tíkẹ́ẹ̀tì tí agbára wa ká kò sì ní gbé wa padà títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọlé. Ṣé ó máa ní wàhálà nínú?

Olùkọ́ Èdè fèsì:

Mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Illinois yìí, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìdánwò ṣáájú. Ìyá Àyọ̀ká, Yorùbá tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ lọ pa á rẹ́. ACCESS ni wọ́n ń pe ìdánwò náà, láàárín oṣù Kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni a sì máa ń ṣe é. Ohun tí ìwé yẹn túmọ̀ sí ni pé nígbà tí ọmọ yín wọlé, wọ́n yẹ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wò, wọ́n sì pinnu pé ó ṣì yẹ kí a ràn án lọ́wọ́. Òfin gba òbí láyè láti kọ̀wé pé òun kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ náà, ṣùgbọ́n kò yọ ọmọ kúrò nínú ìdánwò ọdọọdún títí yóò fi yege. Nítorí náà, kí ó kúkú múra sílẹ̀ kí ó sì yege.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó pín sí: gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ. Máàkì rẹ̀ wà láti 1 sí 6, kì í sì í ṣe òun la fi ń pinnu bóyá ọmọ yóò lọ sí kíláàsì tó kàn. Sísọ ni ó máa ń gba àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni kíláàsì kẹta ti ń ṣe é, ọmọ yóò fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ní gbohùngbohùn sí etí, ohùn kan yóò bi í pé kí ni ó rí nínú àwòrán, ọmọ tí a sì ti kọ́ nílé pé kì í rojọ́ níwájú àgbà yóò dáhùn pé, "Ajá ni," yóò sì dákẹ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dára ju ti ẹni tó ń gbọ́ ọ lọ, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n rí gbọ́. Ẹ fi àwòrán kan hàn án lálẹ́, kí ẹ ní kí ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ àti ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀, ní gbólóhùn mẹ́ta ó kéré tán. Bí ẹ bá ṣe é ní Yorùbá pàápàá, ó dára, nítorí àlàyé ṣíṣe ni a ń wá.

Bí ìyá àgbà bá wà lọ́dọ̀ yín tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì jẹ́ pé òun ni yóò lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fún àwọn òbí ní káàdì èsì, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ ló sì yẹ kí ó wá a. Ẹ má ṣe fi ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe ògbufọ̀, nítorí mo ti jókòó síwájú ọmọ tó sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà pé mo ní òun ni ó mọ̀wé jù.

Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ní Illinois, ọmọ tó bá pa ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ẹ̀kọ́ jẹ lọ́dún ni a ń kà sí ẹni tí àìwá rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìbáà gbàṣẹ ìbáà má gbà. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ọjọ́ 180, ọjọ́ 18 ni, ọ̀sẹ̀ méjì yín sì ti kó mẹ́wàá nínú rẹ̀ kí òtútù àti ikọ́ tó gba tiwọn. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sọ pé ìsìnkú ni, kí ẹ sì gba iṣẹ́ tí wọn yóò máa ṣe lọ́hùn-ún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì:

Nítorí ìrìn àjò Bàbá Kẹ́hìndé yìí ni mo ṣe dá sí i. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló máa ń rán yín létí pé bí ara ọmọ bá gbóná dé 100.4 ní ìwọ̀n Fahrenheit, ilé ni kí ó wà títí ibà yóò fi lọ fún wákàtí 24 láìlo oògùn, bẹ́ẹ̀ ni òbí mìíràn yóò fún ọmọ ní oògùn ibà ní aago mẹ́fà àárọ̀ kí ó lè ríbi gbà lọ síbi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé owó iṣẹ́ wákàtí ni. Àmọ́ ní aago mọ́kànlá, oògùn yóò ti tán lára rẹ̀, èmi ni yóò sì pè yín.

Bí ibà bá mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ẹ má fi ṣe òtútù lásán. Kí ẹ tó jókòó lọ́dọ̀ dókítà ni kí ẹ ti sọ pé Nàìjíríà ló ti ń bọ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, nítorí ní oṣù Kìíní, fulú ni gbogbo ojú ń wò ní ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ̀fọn jẹ ọmọ, ó sì lè jẹ́ oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó jáde. Ọmọ tí a bí síbí kò ní agbára tí ẹ̀yin fúnra yín ní sí i nígbà tí ẹ wà nílé, nítorí náà ẹ lọ gba oògùn tí wọn yóò máa lò kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ẹ sì lò ó tán lẹ́yìn tí ẹ bá dé, bí dókítà bá ṣe kọ ọ́.

Ìyá Àyọ̀ká fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà wa. Mo ti lọ tún nọ́ńbà ṣe. Ti ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó gbà wá sílé lóṣù Kẹjọ ló wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì sọ ìwọ̀n òtútù tiwọn fún mi, mo sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn firíìjì. A rí bàtà yìnyín méjì àti sòkòtò kan ní ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà, ó ku sòkòtò ọmọbìnrin. Ní Sátidé, ìgbà mẹ́rin ni ó kọ́kọ́ wọ bàtà kí ó tó rántí sòkòtò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a fi ń kọ́ ọ, nígbà karùn-ún ni ó tò ó tọ́, tó sì ki ìdí síìpù bọ ara wọn fúnra rẹ̀. Bí ó ṣe parí, ó ní òun fẹ́ tọ̀.