Orúkọ wo ló yẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré ọta ìbọn?

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ẹ̀rọ tí àwọn tó ń fi ìbọn ta àmì, pàápàá jù lọ ní Amẹ́ríkà, máa ń gbé síwájú ẹnu ìbọn kí wọ́n lè mọ bí ọta ṣe ń sáré tó, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chronograph. Àbá méjì ti wáyé lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí á tú orúkọ náà láti ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú èdè Gíríìkì, níbi tí khronos ti jẹ́ àkókò, tí graphein sì jẹ́ láti kọ nǹkan sílẹ̀, kí á sì máa pe ẹ̀rọ náà ní akọ̀gbà. Ẹlòmíràn ní kí á kàn kọ ọ́ ní kọronógíráàfù, nítorí pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń lò ó láàárín wa. Èmi kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an ló sì fà á.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń mú kí ènìyàn nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta àmì ní Amẹ́ríkà kì í ra ọta tí iléeṣẹ́ ti tò pọ̀ tán. Ṣe ni wọ́n ń ṣa ìkarahun tó ti ṣófo jọ, tí wọ́n á fi ohun kékeré tí ń ta iná sí ẹ̀tù sí ìdí rẹ̀, tí wọ́n á wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, tí wọ́n á sì wá fi ọta dé e lórí. Bí ó bá jẹ́ ìbọn .308 Winchester ni, ọta tó wúwo tó 168 gíréènì, ìyẹn bíi gíráàmù 10.9, wọ́pọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń dán an wò á máa fi ẹ̀tù kún un díẹ̀díẹ̀, á yin mélòó kan nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, á sì kọ iye eré tó bá rí sílẹ̀. Kò lè gbára lé ìwé àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù nìkan, nítorí pé gígùn ọ̀pá ìbọn tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò tiwọn. Ìdí kan tún wà tó ju ti àmì lọ: bí eré ọta bá ti ga ju ohun tí ìwé sọ fún ìwọ̀n ẹ̀tù náà, ó ṣeé ṣe kí agbára tó ń ti ọta jáde ti pọ̀ ju èyí tí ìbọn lè gbà lọ, ìbọn sì lè bẹ́ mọ́ onítọ̀hún lójú. Ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ irú ewu báyìí yẹ fún orúkọ tí etí ń gbọ́ tí ọkàn sì ń mọ ohun tó jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ojú méjì tó dojú kọ òkè, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ọta bá kọjá lórí ojú àkọ́kọ́, òjìji rẹ̀ á ṣú bo ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé síbẹ̀, aago inú ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Bí ó bá kọjá lórí ojú kejì, aago á dúró. Ẹ̀rọ á wá fi àkókò náà pín àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì. Bí àlàfo náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tí ọta sì ń sá mítà 800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo àkókò tí ẹ̀rọ ní kò ju ìdá 750 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Níbi báyìí, bí ojú méjèèjì bá sún mọ́ra ju bó ti yẹ lọ ní mílímítà kan péré, iye tí ẹ̀rọ máa sọ á fi mítà kan àti díẹ̀ ju òótọ́ lọ, ìyẹn sì tó láti da èsì ìdánwò rú fún ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ tó mọ́.

Ìtàn ẹ̀rọ náà ló jẹ́ kí n má fara mọ́ akọ̀gbà. Nígbà tí Benjamin Robins, onímọ̀ ìṣirò, gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1742, kò sí aago kankan nínú rẹ̀: igi ńlá kan tó so rọ̀ ló ń yìnbọn sí, bí igi náà bá ṣe fì jìnnà sẹ́yìn tó ló fi ń ṣírò eré ọta. Ó di àwọn ọdún 1860 kí Le Boulengé, ọ̀gágun ará Bẹ́ljíọ̀mù, tó ṣe èyí tí orúkọ Gíríìkì náà bá mu ní tòótọ́. Bí ọta bá já wáyà àkọ́kọ́, irin gígùn kan á bọ́ láti ara mágnẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ iná mànàmáná, á máa já bọ̀; bí ó bá já wáyà kejì, irin kúkúrú á bọ́, á sì tú ọ̀bẹ kan sílẹ̀ tí yóò fi àmì sára irin gígùn níbi tó bá já bọ̀ dé. Àmì ọ̀bẹ yẹn ni àkókò tí a kọ sílẹ̀. Nínú ẹ̀rọ òde òní, kò sí ọ̀bẹ, kò sí àmì, nọ́ńbà eré ló ń hàn lójú rẹ̀. Èyí tó ń lo rédà, tó sì ti wọ́pọ̀ gan-an báyìí, kò tilẹ̀ wo àlàfo ojú méjì rárá. Ìgbì rédíò ló ń rán tọ ọta lẹ́yìn, ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìgbì tó rán lọ àti èyí tó padà wá ló sì fi ń mọ eré rẹ̀. Kí ni àá wá pè ní kíkọ ìgbà sílẹ̀ nínú ìyẹn? Bí a bá tú orúkọ tó ti kúrò lára iṣẹ́, àṣìṣe ẹlòmíràn la gbà wọlé.

Akọ̀gbà tún lè ṣi ènìyàn lọ́nà ní ìhà méjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rò pé òpìtàn la ń sọ, ẹni tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ Gíríìkì kan náà ni aago tó ń ka eré ìje ń jẹ́. Nicolas Rieussec, ará Faransé tó ń ṣe aago, fi irú rẹ̀ ka àkókò eré ẹṣin ní Paris lọ́dún 1821, tádàwà ló sì ń kán sójú aago náà. Gẹ̀ẹ́sì ti mọ́ra pẹ̀lú ìdàpọ̀ yìí. Kò sí ohun tó di dandan pé kí àwa náà dà wọ́n pọ̀. Ẹ̀sùn kan náà ni mo ní sí kọronógíráàfù. N kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò, mọ́tò àti rédíò ti di tiwa pátápátá. Ṣùgbọ́n nǹkan tí gbogbo ènìyàn ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ ni wọ́n, lílò sì ti ṣàlàyé wọn. Ohun tí ènìyàn bá pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀.

Àbá tèmi ni ẹ̀rọ awọnré, tàbí ẹ̀rọ awọnré ọta bí ó bá yẹ kí a là á yé ènìyàn. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ ni awọnlẹ̀, ẹni tó ń pọn omi ni apọnmi. Ohun tó ń wọn eré á jẹ́ awọnré. Àwọn kan lè sọ pé awọneré ló tọ́ kí eré má baà sọnù, ṣùgbọ́n bí a ti ń pa á jẹ nínú sáré àti ṣeré náà nìyẹn. Àǹfààní kejì sì wà: bí wọ́n bá tẹ awọneré láìfi àmì sí i, bí ó ti sábà máa ń rí lórí fóònù, ojú lè kà á sí àwọn eré, kódà sí àwọn ère. Awọnré kò ní ìṣòro yẹn. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ á jẹ́ ìwọnré, orúkọ ẹ̀rọ tó ń sọ eré mọ́tò fún awakọ̀ á sì jẹ́ awọnré ọkọ̀, láìsí wàhálà kankan.

Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí n kò lo ìyára. Ìyára dára, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ti ẹni tí kì í fi iṣẹ́ falẹ̀. Eré ni a ń lò fún ohun tó ń lọ, a sì ń gbọ́ eré àsápajúdé nínú ìròyìn ìjàm̀bá ọkọ̀. Ní ti àwọn onímọ̀ físíìsì tó ń tẹnu mọ́ ọn pé eré tó ní ìhà tó dojú kọ gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ nínú kíláàsì wọn. Ẹ̀rọ yìí kì í wọn ìhà; eré lójú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń sọ.

Fún eré tí ọta ní bó ṣe ń jáde gẹ́lẹ́, eré ẹnu ìbọn tó. Kí á má gbàgbé pé mítà mẹ́ta sí márùn-ún síwájú ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ olójú méjì sí, kí ìbúgbàù ẹnu ìbọn má baà tàn án jẹ, nítorí náà ìṣirò sẹ́yìn ni eré ẹnu ìbọn tí wọ́n ń kọ. Ìwọ̀n ẹ̀tù àti ọta tí wọ́n ń dán wò, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní load, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á pè é ní ẹrù. Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà ti ń ki ìbọn tipẹ́. Ìkibọn ló yẹ ẹ́, ìdánwò ìkibọn sì ni iṣẹ́ náà. Gíréènì, òṣùwọ̀n ìwúwo tí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì tún túmọ̀ sí hóró, ni kí á fi sílẹ̀ bó ṣe wà: bí a bá sọ ọ́ di hóró, ẹnì kan á rò pé hóró ẹ̀tù kan ló jẹ́ òṣùwọ̀n náà, ẹni tó bá sì ka hóró ẹ̀tù dípò kó wọ̀n ọ́n ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Èyí tó kù ni orúkọ fún bí eré àwọn ọta náà ṣe jìnnà síra wọn. Ká ní ọta márùn-ún sá mítà 812, 815, 809, 818 àti 811 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 813. Láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 9, mo sì dábàá kí á pè é ní àlàfo eré. Iye kejì, èyí tó ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe sábà máa ń yà kúrò lára ìpíndọ́gba, jẹ́ nǹkan bíi 3.5 níhìn-ín, mo sì pè é ní ìyapa eré. Kí á má jẹ́ kí orúkọ kan ṣiṣẹ́ fún méjèèjì, nítorí àlàfo eré ń gbára lé ọta méjì péré nínú gbogbo èyí tí wọ́n yìn, ìyapa eré sì ń ka gbogbo wọn.