Katapílà kì í ṣán igbó, títu ni ó ń tu ú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín láti Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa tí ó kọ̀wé láti Ìbàdàn dá a lábàá pé kí a yé pe katapílà ní katapílà, kí a máa pè é ní "aṣángbó", kí iṣẹ́ ẹni tí ó ń fi í jẹun sì máa jẹ́ "ìṣángbó". Wọ́n ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni katapílà, pé ìtìjú ni kí a máa yá a lò. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa orúkọ náà, nítorí ọdún 1925 ni ilé-iṣẹ́ Holt àti ti Best para pọ̀ di Caterpillar, tí ó sì fi di òní, ilé-iṣẹ́ yòówù kí ó ṣe ẹ̀rọ náà, katapílà ni gbogbo wa ń pè é. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tí ó bí mi nínú ni "ṣán" tí wọ́n fi sí àárín ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ, ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń gun ẹ̀rọ náà, n kò sì tíì fi í ṣán igbó rí.

A ń ṣán àdá, a ń ṣán apá bí a bá ń rìn, a sì ń ṣán nǹkan mọ́lẹ̀ bí inú bá bí wa. Apá tí a jù ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Bàbá mi ṣán oko ní ọ̀nà Idigny títí ó fi di arúgbó. Wọn a tẹ̀, wọn a fi igi kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ kọ́ fa koríko mọ́ra, àdá a sì fò kọjá ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ilẹ̀. Igi òrí àti igi irú, wọn kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Kùkùté àwọn igi yòókù a wà níbẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ a rọ̀, wọn a rúwé. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta, igbó ti padà dé. Ohun tí a bá ṣán, gbòǹgbò rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀: bí ọ̀rọ̀ náà ti rí létí àgbẹ̀ nìyẹn, bí ìwé atúmọ̀-èdè kankan kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wá wo ti katapílà. Oníbàárà kan mú mi lọ sí ilẹ̀ kan lẹ́bàá Adakplamè tí ó fẹ́ fi gbin ẹ̀gẹ́, igi ńlá kan sì wà láàárín rẹ̀. A kì í kọlu irú igi bẹ́ẹ̀ lójú kan. Mo kọ́kọ́ fi igun irin ńlá tí ó wà níwájú ẹ̀rọ gé gbòǹgbò rẹ̀ ní apá ọ̀tún, mo yí, mo gé ti òsì, mo kó erùpẹ̀ jọ sí ìdí rẹ̀ bí òkìtì, mo sì gun òkìtì náà kí irin náà lè kan igi lókè, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í díẹ̀díẹ̀. Ó ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni ìdí rẹ̀ gbé odindi ilẹ̀ pupa sókè, ihò tí ó fi sílẹ̀ sì gba ènìyàn mẹ́ta ní ìdúró. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ẹni tí ó ń mi kùkùté ń mì. Mo lè jẹ́rìí pé nínú ẹ̀rọ tí ó wúwo tó 20 tọ́ọ̀nù pàápàá, òótọ́ ni, ẹ̀yìn mi ni ó mì jù. Ṣùgbọ́n kùkùté náà jáde. Èyí kì í ṣe ṣíṣán. Títu ni, tu olóhùn àárín, bí a ti ń tu ìyẹ́ adìẹ. Àwọn kan a ní a hú u, àwọn mìíràn a ní a wú u, kò burú.

Àbúrò wa obìnrin tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ gbà pé ṣán kò bá a mu, ó sì mú "atúgbó" wá, pẹ̀lú àmì òkè lórí u. Ó kù díẹ̀ kí ó débẹ̀. Àmì yẹn nìkan ni ó gbé e ṣubú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ obìnrin tí onídìrí fẹ́ tú irun rẹ̀ bóyá yóò gbà kí ó tu ú. Àbúrò wa ní, ṣé a kì í sọ pé a túlẹ̀ ni? A ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n katakata ni ó ń túlẹ̀, lẹ́yìn tí katapílà bá ti tugbó tán. Ohun tí ó dì ni a ń tú, ìbáà ṣe ẹrù, ìbáà ṣe irun, ìbáà ṣe ilẹ̀ tí ó le. Ohun tí ó fi gbòǹgbò rọ̀ mọ́ ilẹ̀ ni a ń tu. Ẹni tí ó bá pe katakata kí ó wá túlẹ̀ níbi tí a kò tíì tugbó, kí ó mú owó irin ìtúlẹ̀ tuntun lọ́wọ́, nítorí kùkùté kan péré ti tó láti tẹ èyí tí ó wà níbẹ̀. Àmì kan ṣoṣo, ẹ̀rọ méjì, owó méjì.

Àbúrò wa tilẹ̀ fi orúkọ ìlú wa gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, pé inú ìbéèrè àwọn àgbà, ta ni í tú iké, ta ni í fọ́ ìlú, ni Kétu ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ tú iké, nínà ni ó fẹ́ nà án, kò ní òun yóò fà á tu kúrò lẹ́yìn abuké. Èmi ni àpẹẹrẹ yẹn gbè. (Ní ti fífọ́ ìlú, ọwọ́ àwọn ará Dànhòmẹ̀ tẹ̀ wá ní ọdún 1886, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn sì nìyẹn.)

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ń jà lé lórí. Ní Ìbàdàn tí ẹ̀gbọ́n wa wà gan-an, láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti fi ilẹ̀ tí a fi àdá ṣán wé èyí tí a fi katapílà tu, tí wọ́n rí i pé erùpẹ̀ tí òjò ń gbá lọ lórí ti katapílà pọ̀ ju ti àdá lọ jìnnà, nítorí ẹ̀rọ a máa ha erùpẹ̀ òkè lọ, a sì máa tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa. Wọ́n tún rí i pé irin mímú tí ń gé igi ní ìdí, tí ó ń fi gbòǹgbò sílẹ̀ nínú ilẹ̀, sàn ju èyí tí ń hú gbogbo rẹ̀. Bí a bá wá pe gbogbo rẹ̀ ní ìṣángbó, báwo ni àgbẹ̀ yóò ṣe mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ilẹ̀ rẹ̀ kí ó tó sanwó? Àwọn Faransé tí wọ́n kọ́ wa níwèé kò da dessouchage, ìyẹn híhú kùkùté, pọ̀ mọ́ gígé koríko. Bí ẹ̀gbọ́n wa bá ń wá ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ aṣángbó láìjiyàn, ẹ fi orúkọ náà fún èyí tí katakata ń fà lẹ́yìn, tí irin rẹ̀ ń yí bírí lókè ilẹ̀: ìyẹn ń ju apá. Katapílà ní tirẹ̀, bí a bá fẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà dandan, atugbó ni, láìsí àmì lórí u.

Ọ̀gá kan bú mi nígbà kan pé mo kọ "shán", pé ìyẹn kì í ṣe Yorùbá. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo tẹ̀ lé, sh ni ó wà níbẹ̀. Mo fi ṣ kọ èyí nítorí àlàáfíà, kì í ṣe nítorí pé mo jẹ̀bi.

Ní ti ẹni tí ó ní kí a máa pe ẹni tí ń wà á ní "akatapílà", a kì í mú "a" yẹn lé orí ọ̀rọ̀-orúkọ. Oníkatapílà ni àwọn ọmọdé Kétu ń pè mí bí mo bá ń kọjá, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ wọn.