“Ìkógunjọ” kọ́ ni Bonaparte ń ṣe

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi,

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ orúkọ àwòrán tí Antoine-Jean Gros, ayàwòrán ará Faransé, yà ní 1810, níbi tí Napoleon Bonaparte, ọ̀gágun Faransé, ti ń bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní Íjíbítì, tí wọ́n sì pè é ní “Ìkógunjọ Bonaparte”, ṣe iṣẹ́ tó yẹ ká kí wọn fún, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò dùn létí mi rárá. Bí a bá ti pe “ìkógun”, ẹrù tí ajagun kó bọ̀ ni gbogbo wa ń gbọ́. Ta ni yóò dúró de “jọ” kó tó mọ̀ pé ọmọ ogun la ní lọ́kàn? Ká ní àwọn ẹṣin idẹ mẹ́rin tí wọ́n kó fún un kúrò ní Venice ní 1797 là ń sọ ni, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ẹni tó ń kó jọ níbẹ̀. Nínú àwòrán náà, àwọn ọmọ ogun ti pé ní July 21, 1798. Bonaparte wà lórí ẹṣin, ó na ọwọ́ sókè sí ọ̀nà pírámíìdì, ìyẹn àwọn ibojì olókùúta gíga ti àwọn ọba Íjíbítì àtijọ́, àwọn ọ̀gágun wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀tá sì ti ṣubú síwájú ẹṣin. (Gros fi ẹni tí ogun pa sínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀!) Wọ́n ní ohun tó wí ni pé láti orí pírámíìdì wọ̀nyẹn, 4,000 ọdún ń wò yín. Àyà ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí, ìdí nìyí tí mo fi ní ká lo “ìkìniláyà” dípò “ìkógunjọ”.

Ẹ̀gbọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní “ki” olóhùn àárín ni àwọn gbọ́ lẹ́nu bàbá àwọn. Òótọ́ ni wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló gbé ohùn náà sókè: “ó ki àwọn ọmọ ogun láyà.” Ẹ fi arọ́pò-orúkọ dípò, “ó kì wọ́n láyà”, yóò padà sí ìsàlẹ̀, bí a ṣe ń sin Ọlọ́run tí a sì ń sìn ín.

Bóyá “kì” ti oríkì ni tàbí ti ìbọn, ìyá àgbà mi kì í fìyàtọ̀ sí i. Wọ́n ní bí onílù bá ki jagunjagun, inú àyà ni ó ń kì í sí. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé baba ẹni la fi ń kini, ọkùnrin yìí sì ń fi baba àwọn ará Íjíbítì ki ọmọ Faransé.

Ti “òkè-ibojì” tí ẹ̀gbọ́n tún fẹ́ fi rọ́pò “pírámíìdì”, ẹ jẹ́ kí n mí ná.