Ṣé fáírọ́ọ̀sì ló mú kí chloroplast wú, àbí oògùn tí mo fi tọ́jú ewé?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì ewéko. Ewé tábà tó ní TMV (fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ewé tábà jẹ́) ni mò ń fi máíkírósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wò. Ọ̀pá fáírọ́ọ̀sì náà tò pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, gígùn wọn tó 300 nm; ìyẹn ò ṣòroó mọ̀. Chloroplast, ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì ewéko tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, ló ń dà mí láàmú: ó wú, awẹ́ inú rẹ̀ sì tú ká. Ṣùgbọ́n ti ewé tí kò lárùn náà wú díẹ̀! Mo ti gé ewé sí mílímítà 1, mo lo glutaraldehyde 2.5% ní pH 7.2 (oògùn tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì dúró bó ṣe wà), mo fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí oògùn lè wọlé, kí n tó fi oògùn kejì, osmium tetroxide 1%, sí i. Mo ń rò ó pé bóyá omi ló pọ̀ jù nínú oògùn náà, tí omi fi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kí n fi súkúrọ́ọ̀sì (ṣúgà) kún un. Àmì wo gan-an ni mo lè fi mọ wíwú ti fáírọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ti oògùn? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.