Okùn íntánẹ́ẹ̀tì kan ló wọ yàrá mi, ẹ̀rọ mẹ́rin ló ń dúró dè é: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo wà, nínú ilé Àgùdà àtijọ́ kan tí wọ́n pín sí yàrá-yàrá fún àwa ayálégbé. Ẹni tó bá mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ bí ògiri rẹ̀ ṣe nípọn tó. Pálọ̀ ìyá onílé ni rútà ńlá, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, wà, lápá iwájú. Yàrá tèmi wà lẹ́yìn àgbàlá, Wi-Fi pálọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ mi rárá. Ìyá onílé gbà kí n fa okùn íntánẹ́ẹ̀tì wọ yàrá mi, mítà 25, èmi náà sì ń dá sí owó oṣooṣù. Bí mo bá ti okùn yẹn bọ kọ̀ǹpútà mi, ó ń ṣiṣẹ́ geere.

Kọ̀ǹpútà nìkan ló ń jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Fóònù mi ń retí, fóònù àbúrò mi ń retí, tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá lórí fídíò náà kò sì ní ihò okùn lára. Ilẹ̀ Faransé ni àwọn ọmọ náà wà, ọmọ àwọn ará wa ni wọ́n, gbogbo Sátidé la máa ń pàdé. Dátà fóònù ni mo ti ń rà láti fi kọ́ wọn, owó rẹ̀ sì ti wọ̀ mí lára.

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi ra rútà kékeré kan ní Èkó, irú èyí tí arìnrìn-àjò ń gbé sínú àpò, ó fi rán ẹnì kan tó gba ẹnubodè Kraké wọlé. Ihò okùn méjì ló wà lára rẹ̀. Mo ti okùn bọ ọ̀kan, iná rẹ̀ tàn, Wi-Fi rẹ̀ jáde lórí fóònù, mo wọlé sí i, ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọmọ ìyá onílé fi wá kan ilẹ̀kùn pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ ní pálọ̀. Mo fa okùn yọ, nígbà tó ṣe, tiwọn padà. Mo tún un dán wò lálẹ́, bákan náà ló rí. Obìnrin yìí ṣe mí lóore, n kò fẹ́ fi ìdààmú san án fún un. Sátidé ku ọjọ́ mẹ́ta. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ọmọ Sábẹ

Ẹ pẹ̀lẹ́, Olùkọ́. Tèmi ni pé kí ẹ fi rútà yẹn sílẹ̀, kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi tó sì ń tún un fọ́n káàkiri. Ẹnu ọ̀nà àgbàlá ni kí ẹ gbé e sí. Ọ̀kan wà nílé wa, ó ń ràn wá lọ́wọ́.

Alátùn-únṣe, Kétu

Ọmọ Sábẹ, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kò yẹ kí Olùkọ́ tún náwó. Ẹni tí omi ẹ̀rọ ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ní gbé garawa lọ sódò mọ́. Ẹ̀rọ tí ẹ ń sọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ Wi-Fi pálọ̀ kó tó lè tún un fọ́n, ògiri Àgùdà yẹn náà ló sì máa kọ́kọ́ dí i létí. Àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà kì í lè gbọ́ kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà bí ìdajì eré íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bọ́ sọ́nà. Okùn kò mọ ògiri. Títí dé mítà 100 ni okùn irú èyí ń gbà, 25 kò tó nǹkan.

Olùkọ́, ìbéèrè kan péré: ihò wo nínú méjèèjì ni ẹ ti okùn bọ? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wọn dáadáa, wọ́n kọ WAN sí ọ̀kan, LAN sí èkejì.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé kí n tó rí i kà. LAN ni.

Alátùn-únṣe, Kétu

Ibẹ̀ náà ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bọ́ sínú kòtò yìí.

Ẹ̀rọ yòówù tó bá wọ inú netiwọ́ọ̀kì, ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni pé ó ń ké síta: ta ló máa fún mi ní àdírẹ́sì? Rútà ilé ló ń dáhùn, á fún un ní nọ́ńbà, á sì sọ fún un pé ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì gbà. DHCP ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Rútà kékeré yín náà mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ihò LAN ni ojú tó kọ sí àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀, ó gbà pé abẹ́ òun ni wọ́n wà. Nígbà tí ẹ ti okùn ìyá onílé bọ ibẹ̀, rútà kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn fóònù pálọ̀ lóhùn. Fóònù tó bá gbọ́ tirẹ̀ ṣáájú gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń darí sọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò rí ọ̀nà kankan. Onílé méjì ló wà nínú ilé kan.

WAN ni ojú tó fi ń tọrọ. Ẹ ti okùn bọ WAN, á gba àdírẹ́sì kan ṣoṣo lọ́wọ́ rútà ńlá bí àlejò, ẹ̀rọ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn tó wà ní pálọ̀ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tí fóònù wọn bá ṣì ń ṣe ségesège, kí wọ́n pa Wi-Fi rẹ̀ kí wọ́n tún un tan.

Ó ku ohun kan. Ẹ wo nọ́ńbà tí rútà méjèèjì ń lò. Tí ti pálọ̀ bá jẹ́ 192.168.1, tí ti kékeré náà sì jẹ́ 192.168.1, rútà kékeré ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti inú àti èyí tó jẹ́ ti ìta. Ẹ yí ti kékeré sí nọ́ńbà mìíràn. Bí ó bá jẹ́ Mango, rútà kékeré ti ilé-iṣẹ́ GL.iNet, 192.168.8.1 ló máa ń bá wá, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Àbúrò mi, kí o tó ti okùn bọ ihò lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ kí ìyá onílé. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un àti ohun tí o fẹ́ ṣe báyìí. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá tún lọ lẹ́yìn èyí, kódà tí kò bá jẹ́ ọwọ́ rẹ ló ti wá, ìwọ ni wọ́n máa wá kàn ní ilẹ̀kùn. Kí o sì yí ọ̀rọ̀ ìwọlé Wi-Fi tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ padà.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti dáa! Mo kọ́kọ́ lọ bá ìyá, wọ́n ní kí ọkàn mi balẹ̀, kí n máa ṣe é lọ. WAN ni mo lò, fóònù méjèèjì àti tábúlẹ́ẹ̀tì wọlé lójú ẹsẹ̀, pálọ̀ kò sì pariwo.

Ṣùgbọ́n ní alẹ́, tí gbogbo wa bá ń lò ó pọ̀, ó máa ń kú, á tún tan fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan. Ara kọ̀ǹpútà mi ni mo ti ń fún un ní iná, nítorí ṣájà tó bá a wá láti Èkó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun, ihò ògiri wa níbí sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì róbótó. Ohun mìíràn ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìyá onílé tí mo fi ń tẹ ìwé àwọn ọmọ kò hàn lórí kọ̀ǹpútà mi mọ́.

Alátùn-únṣe, Kétu

Iná ló kéré. Ihò USB 2.0 ara kọ̀ǹpútà, 500 mA, ìyẹn ìdajì 1A, ni ìlérí rẹ̀, irú rútà yìí sì ń béèrè 5V àti 1A. Tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ebi iná á pa á. Ẹ lọ sí ọjà Wàndó, ẹ ra ṣájà fóònù ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n kọ 5V 1A tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Power bank náà lè gbé e, àmọ́ tí iná ilé bá lọ, rútà pálọ̀ ti kú nìyẹn, ti yàrá nìkan kò lè gbà yín.

Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè sọ rútà kékeré di Access Point: kò ní pín àdírẹ́sì mọ́, gbogbo yín á wà nínú netiwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú pálọ̀. Èmi kò fẹ́ ìyẹn fún yín nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, nítorí bó ṣe wà yìí ó ń bo ẹ̀rọ yín lójú àwọn yòókù. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àdírẹ́sì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà lórí ojú rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà náà kún un lórí kọ̀ǹpútà dípò kí ẹ máa wá orúkọ rẹ̀. Inú lè rí ìta, ìta ni kò rí inú.

Ọmọ Sábẹ

Mo gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ́ nǹkan. Ṣé èèyàn lè gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tí okùn wà lára ògiri?

Alátùn-únṣe, Kétu

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é fún. WAN náà ni. Tí hòtẹ́ẹ̀lì bá ní ojú ìwé tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà yàrá, ẹ fi fóònù kan ṣí i lábẹ́ rútà yín, àwọn yòókù á bá a wọlé.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Sátidé ni mo ń kọ eléyìí. Ṣájà tuntun láti Wàndó wà lára ògiri láti àná, rútà kò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé tí mo tẹ̀ ní pálọ̀ láàárọ̀ wà lọ́wọ́ mi, lẹ́tà 25 pé síbẹ̀, a sì kà wọ́n láti a dé y láìsí pé ojú ọmọ kankan dì lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Èyí tó kéré jù ní kí n tún gb pè fún òun, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti Kétu, Ọlọ́run á túbọ̀ máa là yín lóye.